Ẹjọ́ Tí Kò Ní Ìwé

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Sumire ti ń ka sítáǹpù lẹ́tà, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó dùn nínú sítáǹpù kíkà. Bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn kan nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Kuwabata Sumire, iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ ló ń ṣe, Matsuyama ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti rán an wá sọ́dọ̀ wa ní Uwajima kí ó yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ Kanbe wò, àwọn tó ń dín àkàrà ẹja létí èbúté. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ yá owó ní báǹkì láti fi kọ́ ilé ìdín tuntun, báǹkì sì ní àfi kí ọ̀dítọ̀ kọ́kọ́ wo ìwé ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹrin tí ọmọbìnrin náà ti dé nìyí. Ó ti ka ẹja inú yìnyín, ó ti ka agolo epo, ó ti ka páálí. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ohun kan péré ni kò ní ẹ̀rí, ohun náà ló sì fẹ́ sọ àgbàlagbà kan di ẹlẹ́wọ̀n.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n sanwó fún Lọ́yà Ninomiya: yẹ́ẹ̀nì 924,000 lákọ̀ọ́kọ́, yẹ́ẹ̀nì 1,848,000 lẹ́ẹ̀kejì. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi san án, kò gba báǹkì kọjá. Owó ẹjọ́ kì í sì í ṣe owó epo tí ènìyàn lè fi ẹnu lásán ròyìn. Ọ̀dítọ̀ a ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn tí wọ́n bá lọ́yà ṣe wá, a béèrè rìsíìtì, a béèrè ìwé kóòtù, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn a tún kọ lẹ́tà sí lọ́yà fúnra rẹ̀ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ irú ẹjọ́ tó bá wọn ṣe. Kò sí àdéhùn, kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé kóòtù. Lẹ́tà tí Sumire kọ sì padà wá bó ṣe lọ, nítorí Lọ́yà Ninomiya ti kú láti ọdún tó kọjá. Ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń wẹ ajá.

Ẹni tó kọ owó náà sílẹ̀ ni Hyodo Umakichi, akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà. Ọdún méjìdínlógójì ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìparí oṣù yìí ló yẹ kí ó fẹ̀yìn tì, kí ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí ó sì máa lọ tọ́jú igi ọsàn rẹ̀ lórí òkè. Bí wọ́n bá bi í pé owó kí ni èyí, á ní owó lọ́yà ni. Bí wọ́n bá bi í pé ẹjọ́ wo, á wo bàtà rẹ̀.

Ẹni tó ń bi í jù ni Kanbe Misao, ọ̀gá ilé iṣẹ́, tó gba ipò bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Obìnrin náà lè ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá a du ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú gbogbo àwọn obìnrin tó wà nídìí epo, ó pe Hyodo dúró.

"Hyodo-san, mo tún ń bi yín. Ta ni bàbá mi bá ṣẹjọ́?"

"Ọ̀gá, owó lọ́yà ni."

"Ẹ tún ti sọ ọ́! Odídẹrẹ́ ni yín ni? Mo ní ta ni?"

Bàbá náà wo bàtà rẹ̀.

"Ó dáa. Bàbá mi ò dé kóòtù rí láyé ẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ jẹ, á ní kónítọ̀hún jókòó mu tíì ni. Òkú lẹ ń purọ́ mọ́, lọ́yà tẹ́ ẹ sì dárúkọ, òkú lòun náà. Ẹ mà gbọ́n o! Olè ni yín, Hyodo-san. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀ lónìí. Owó ìfẹ̀yìntì, ẹ gbàgbé ẹ. Tó bá di aago márùn-ún tí mi ò rí ìwé kan ṣoṣo, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ tààrà."

Hyodo tẹrí ba, ó sì gòkè lọ ṣí àpótí irin fún Sumire, nítorí òfin ni pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ dúró tì í bí wọ́n bá ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí owó ni sítáǹpù rí lójú ọ̀dítọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè rà á lórúkọ ilé iṣẹ́ kí ó sì tà á sápò ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Sumire fi ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ tí ó sì ń kọrin sínú. Nísàlẹ̀ àpótí náà ló ti rí àpòòwé kékeré kan. Sítáǹpù ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ti yẹ́ẹ̀nì 84 nìkan ni ilé iṣẹ́ Kanbe máa ń rà, òun ni wọ́n fi ń fìwé ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Inú àpòòwé yìí ní ẹyọ kan ti 500, mẹ́ta ti 100, méjì ti 84, méje ti 20, mẹ́fà ti 10, mẹ́rin ti 5, àti mẹ́jọ ti yẹ́ẹ̀nì méjì méjì tí wọ́n ya ehoro sí lára. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 1,204. Ó ṣí ìwé sítáǹpù, ó yẹ̀ ẹ́ lọ sẹ́yìn, ọdún kan, ọdún méjì, títí ó fi bá a ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Júùnù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Hyodo tó mọ́ tónítóní: "Wọ́n dá a padà, 1,204." Kò sí orúkọ ẹni tó dá a padà.

Sumire ti mọ irú èyí rí. Kí ó tó di ọ̀dítọ̀, ọdún kan gbáko ló fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Matsuyama, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń rán an jù ni pé kí ó lọ ra sítáǹpù kóòtù wá.

"Hyodo-san! Ta ló dá èyí padà?"

Ojú bàbá náà funfun báláú. "Kuwabata-san, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹgbẹ̀fà yẹ́ẹ̀nì lé mẹ́rin péré ni."

"Ẹ̀yin lẹ sì kọ ọ́ síwèé!"

"Ó wọlé ni. Ohun tó bá wọlé, ṣé mo lè máà kọ ọ́ ni?"

Ẹ wo ọkùnrin yìí o. Ó pa odindi ẹjọ́ mọ́ nínú fún ọdún mẹ́ta, wọ́n pè é lólè kò fọhùn, ṣùgbọ́n sítáǹpù yẹ́ẹ̀nì méjì wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè kí ó má kọ ọ́. Mo ti rí olè rí láyé mi. Kò sí èyí tó ń ṣe báyẹn.

Sumire kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú sínú agbada epo.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá Misao! Ẹjọ́ wà! Ẹjọ́ wà lóòótọ́!"

"Rọra, ọmọ yìí, wàá dín ara ẹ. Ẹjọ́ wo?"

"Mi ò tíì mọ̀! Ṣùgbọ́n ó wà! Ẹ wo sítáǹpù!"

Misao wo àpòòwé náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kuwabata-san, o fẹ́ fi ehoro mẹ́jọ bo owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta?"

"Ọ̀gá, ta ló ń ra sítáǹpù yẹ́ẹ̀nì méjì? Kí leèyàn fẹ́ fi ṣe? Kóòtù ló ń béèrè ẹ! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe èèyàn lẹ́jọ́, ẹ máa ra sítáǹpù lọ fún wọn, ńlá, kékeré, bí wọ́n ṣe kọ iye ẹyọ ẹ̀ síwèé gẹ́lẹ́. Òun ni wọ́n á fi máa fìwé ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ẹ pè. Tí ẹjọ́ bá parí, wọ́n á kó èyí tó ṣẹ́ kù padà fún yín. Ẹni tó pe ẹjọ́ ni wọ́n ń kó o fún o! Ilé iṣẹ́ yín ló pe ẹnì kan, ẹjọ́ náà sì parí ní oṣù Júùnù, ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó san owó kejì fún lọ́yà!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láì mí. Àwọn obìnrin ìdí epo ti gbé síbí ìdín wọn dúró, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn.

"Tó bá wá jẹ́ pé Hyodo-san kàn ra sítáǹpù ńkọ́?"

"Kóòtù ò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká lọ béèrè. Aago mẹ́ta ti kọjá, márùn-ún ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ yín ló ni ẹjọ́ náà, ẹ mú òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ dání, wọ́n á gbé fáìlì fún yín."

"Tí a ò bá bá nǹkan kan ńkọ́?"

"Ẹ dín èmi náà."

Àwọn obìnrin náà pariwo ẹ̀rín. Misao tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ju fìlà ike sílẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn, àwọn méjèèjì kó sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń pín àkàrà ẹja kiri. Misao ti ń yí ọkọ̀ padà nígbà tí wọ́n rántí pé òǹtẹ̀ wà lókè. Wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn tí Hyodo fi yọ, tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú eékún rẹ̀ tí kò dára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na òǹtẹ̀ náà gba ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín."

"Ẹ̀yin wá ń kọ́ mi ní ìtọ́jú òǹtẹ̀!" ni Misao dáhùn, ó sì fi iná sẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Sumire bojú wẹ̀yìn. Bàbá náà ṣì dúró láàárín ọ̀nà. Ó yé e pé ọkùnrin náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ bá, àti pé kò wù ú kí wọ́n bá a, síbẹ̀ ó sáré gbé òǹtẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn jù láti dúró rò ó.

Akọ̀wé tó wà ní kóòtù kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó fi gíláàsì sójú, ó yọ ọ́, ó nù ún.

"Fáìlì ẹjọ́ tó ti parí, ìsàlẹ̀ ilé ló ń wà. Àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ wá láago kí wọ́n tó wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá," ni Sumire wí, "ìyà ń jẹ ẹnì kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni Kanbe. Ó parí ní nǹkan bí oṣù Júùnù, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Sítáǹpù 1,204 lẹ dá padà."

Ọkùnrin náà wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tí iṣẹ́ òun yé láyé. "Ẹ mọ iye sítáǹpù?"

"Mo mọ̀ ọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ."

Ó dìde, ó lọ. Aago mẹ́rin kọjá. Misao ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, òórùn ẹja díndín ara wọn sì ti gba gbogbo yàrá náà. Nígbà tí akọ̀wé náà padà dé, fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ó wà," ni ó wí.

Sumire fò sókè, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kóòtù nìyí."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jókòó. Ó ṣí fáìlì náà, ó ń fi ìka tọ́ka: nọ́ńbà ẹjọ́ rèé, orúkọ ilé iṣẹ́ rèé, orúkọ Lọ́yà Ninomiya àti òǹtẹ̀ rẹ̀ rèé, àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ níwájú adájọ́ rèé. Ayánilówó kan ní Osaka ló gbé ìwé jáde pé ilé iṣẹ́ Kanbe ṣe onídùúró fún ẹnì kan tó jẹ òun ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé iṣẹ́ náà ló pè é lẹ́jọ́ pé àwọn kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ́ nínú rẹ̀, wọn kò san yẹ́ẹ̀nì kan.

"Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Sumire ti fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ. "Ọ̀gá, àwọn lọ́yà àtijọ́ ní bí wọ́n ṣe ń dá iye, látorí owó tí wọ́n bá ń jà lé. Ti ìbẹ̀rẹ̀ nínú mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 840,000. Tẹ́ ẹ bá fi owó orí kún un, 924,000! Ti ìparí, tí wọ́n bá jàre, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni, 1,848,000! Ó bára mu! Ó bára mu délẹ̀! Hyodo-san ò mú nǹkan kan!"

Sumire gbójú sókè. Obìnrin náà ti yẹ ìwé lọ síwájú, ó sì ń ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kejì.

Orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè náà ni Takuma, ọkọ Misao tẹ́lẹ̀. Nílùú wa, ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá wà lára ìwé ni ìwé náà ń bá wí, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Kanbe sì wà lára ìwé onídùúró náà gbàgàdà. Ta ló gbé e fún Takuma? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Misao ni.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni," ni Misao wí. "Ọjọ́ kẹsàn-án. Takuma ní àwọn onípáálí ń béèrè òǹtẹ̀. Ọmọ ń ké. Mo na kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tí òǹtẹ̀ wà sí i. Mi ò tiẹ̀ bi í pé páálí wo."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Takuma kó ẹrù rẹ̀ tó sì lọ. Gbogbo ìlú ní ẹnu ìyàwó ló lé e, Misao náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ewé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ tí Hyodo kọ fún adájọ́. Sumire kà á láti ẹ̀gbẹ́. Hyodo ní òun ni olùtọ́jú òǹtẹ̀. Ó bẹ kóòtù kí wọ́n má ṣe pe Misao wá jẹ́rìí, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wàrà rẹ̀ sì ti gbẹ nítorí ìrònú, kò sì mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ lọ fi òǹtẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀bi bá wà, kí ó wà lọ́rùn òun, nítorí òun ló yẹ kí ó yẹ dúrọ́ọ̀ wò kí ó tó relé lọ́jọ́ náà. Ó fi kún un pé bàbá Misao ní kí Misao má gbọ́ láéláé, òun sì ti ṣèlérí.

Omi ń bọ́ lójú Misao sórí tábìlì ìjọba. Sumire rọra fa fáìlì náà sẹ́yìn kí ó má tutù, nítorí bó ti wù kí ó rí, ẹ̀rí ni.

Wọ́n sanwó ẹ̀dà ìwé, wọ́n sì padà. Nígbà tí wọ́n dé, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Hyodo ti to kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti fi bébà wé ife tíì rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jókòó. Ọlọ́pàá ló ń retí. Misao wọlé, ó dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ọ̀gá! Ẹ dìde, ẹ dìde, ilẹ̀ yìí lépo!"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Bàbá yín ní kí n má sọ ọ́."

"Mo pè yín lólè! Lójú gbogbo ayé!"

"Ẹ pè mí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìlérí ni."

"Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ torí ìlérí wọ̀?"

Bàbá náà tún wo bàtà rẹ̀, èyí tó já sí bẹ́ẹ̀ ni.

Sumire ti ṣí kọ̀ǹpútà. Omi wà lójú òun náà, ṣùgbọ́n ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún báǹkì: nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye tí lọ́yà gbà àti bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó fa ẹjọ́, ó dúró.

"Ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kan ló ṣèèṣì gbé òǹtẹ̀ jáde," ni Hyodo sọ kíákíá. "Ìyẹn ti tó. Ẹ má dárúkọ."

"Kò tó," ni Misao wí. Ó ti dìde, epo wà níwájú orí rẹ̀. "Kọ orúkọ mi."

"Ọ̀gá, báǹkì máa kà á o! Wọ́n lè ní àwọn ò yá yín lówó mọ́," ni Hyodo wí.

"Kí wọ́n kà á. Tí wọn ò bá yá wa, a ó máa dín in nínú ilé àtijọ́. Kuwabata-san, kọ ọ́: Kanbe Misao ló gbé òǹtẹ̀ fún ọkọ ẹ̀, kò sì bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé Hyodo Umakichi ò mú yẹ́ẹ̀nì kan."

"Ọ̀gá, a kì í kọ irú ìyẹn síbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan la máa ń—"

"Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Kọ ọ́."

Sumire kọ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Misao gbé ìwé náà lọ sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí àwọn obìnrin pa iná agbada gbogbo kí ilé lè dákẹ́. Ó fi ohùn tó fi pe bàbá náà lólè láàárọ̀ ka gbólóhùn méjèèjì, ti ara rẹ̀ ṣáájú, ti Hyodo tẹ̀ lé e. Ó sì tún un kà, nítorí obìnrin kan tó wà lẹ́yìn ní òun kò gbọ́.